Láti Bẹẹrẹ dé Páànù: Òrùlé, Ọ̀wẹ̀ àti Ìtàn Ilé Kíkọ́ ní Ìjágbó

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn òrùlé ní Ìjágbó, ìlú kan ní agbègbè Ìbọ̀lọ́ lẹ́bàá Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé páànù lé koríko lọ nítorí pé ó sàn jù ú. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò kárí. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé koríko kò dá dúró: òun, àjà alámọ̀ àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n jùmọ̀ ń ṣe iṣẹ́ òrùlé. Nígbà tí páànù dé, ipò koríko nìkan ni ó gbà; kò gba ipò àjà, kò sì gba ipò ọ̀wẹ̀. Inú àlàfo méjì yìí ni ìṣòro púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tó ń wó lónìí ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó ń yan òrùlé fún ilé tuntun.

Kókó-ọ̀rọ̀: òrùlé, bẹẹrẹ, páànù, àjà, ọ̀wẹ̀, agboolé, Ìbọ̀lọ́

Ìfáárà

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà òrùlé palẹ̀, orí àti ilé ni a ó bá nínú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ lè jinlẹ̀, ògiri sì lè dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí ilé bá ní orí, ilé kíkọ́ ni, kò tíì di ilé gbígbé. Ìdí nìyí tí ọjọ́ ìbolé fi jẹ́ ọjọ́ tí onílé máa ń se oúnjẹ, tí ará àti ọ̀rẹ́ sì máa ń wá kí i kú oríire, nígbà tí kò tilẹ̀ tíì sí ilẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ayé koríko, bíbò ni a ń bo ilé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi aṣọ bo ara tí a sì ń bo ènìyàn láṣìírí. Ní ayé páànù, kíkàn ni a ń kan òrùlé. Ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tó ń bo nǹkan àti ẹni tó ń kan nǹkan mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Èkejì ń fẹ́ òòlù, ìṣó àti oníṣẹ́ tí a ó san owó fún.

Ìjágbó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yún, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìlémọ̀nà. Ó sún mọ́ Ọ̀fà tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè má mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló mú kí ibẹ̀ bá àyẹ̀wò yìí mu. Èkíní, ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ tí koríko ìbolé ti ń hù. Èkejì, ojú irin tó ti Èkó wá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní Ọ̀fà. Ẹ̀kẹta, àwọn ènìyàn Ọ̀fà àti àyíká rẹ̀ jẹ́ arìnrìn-àjò àti oníṣòwò tí owó ilé wọn sábà máa ń ti ìdálẹ̀ wá. Àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí, koríko, ojú irin àti ìrìn-àjò, ni ìtàn òrùlé ibẹ̀ rọ̀ mọ́.

Bẹẹrẹ, àjà àti ọ̀wẹ̀

Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó to àwọn ohun ìbolé lẹ́sẹẹsẹ. Bẹẹrẹ ni ó fi ṣíwájú gẹ́gẹ́ bí èyí tó dára jù lọ. Níbi tí bẹẹrẹ kò bá sí, a lè lo èèkan. Ní ilẹ̀ igbó, níbi tí koríko gígùn ti ṣọ̀wọ́n, ewé gbòdògì ni a fi ń bo ilé. Ètò yìí fi hàn pé ará ọ̀dàn kì í ṣe òtòṣì nínú ọ̀rọ̀ òrùlé. Ohun ìbolé tí a kà sí ọ̀gá ni ó ń hù lẹ́yìn oko rẹ̀.

Iyì bẹẹrẹ dé ààfin. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìjòyè àti àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń gbé bẹẹrẹ wá fún un lọ́dọọdún láti fi tún ààfin bò, ọdún náà sì ń jẹ́ Ọdún Bẹẹrẹ. Òpìtàn S. O. Babayemi ti kọ̀wé lórí ọdún yìí. Kì í ṣe pé Aláàfin kò lè rí koríko. Ẹni tó bá gbé bẹẹrẹ wá ti jẹ́wọ́ pé òun wà lábẹ́ òrùlé náà. Ìlú tí kò bá gbé e wá ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí bẹẹrẹ ń ṣe láàrin ọba àti ìlú, òun náà ni ó ń ṣe láàrin baálé àti agboolé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayẹyẹ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí koríko bá ti gbó, kí iná tó jó pápá. A ó gé e, a ó sá a kí ó gbẹ dáadáa, a ó sì dì í ní ìtí-ìtí. A ó gbé ẹkẹ lé ògiri, a ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú wọn, a ó sì fi okùn so wọ́n pọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń bò ó lọ sókè, kí ìpele òkè lè gun ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀, kí omi òjò má baà rí ibi gbà wọlé. Òrùlé náà gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, nítorí omi tí kò bá tètè ṣàn lọ yóò mú kí koríko rà.

Lábẹ́ koríko yìí ni àjà wà. Igi ni a fi ń tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri, a ó to ọ̀pá lé e, a ó sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ títí yóò fi nípọn. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju bí ojú ti rí i lọ. Ó jẹ́ àká fún àgbàdo àti àwọn irè oko mìíràn. Amọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè dé inú yàrá. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe kókó jù lọ ni pé bí iná bá mú koríko lókè, àjà ni yóò gba iná náà dúró, kí ẹrù àti ènìyàn tó wà nísàlẹ̀ lè yè. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé ilé koríko ń jó, ó yẹ kí a fi kún un pé àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Òwe tó sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ti inú irú ayé bẹ́ẹ̀ jáde. Òrùlé lè jó lónìí. Ògiri ṣì wà, àjà ṣì wà, ọwọ́ àwọn ènìyàn sì wà tí yóò tún un bò.

Ọwọ́ àwọn ènìyàn yìí ni ẹ̀ka kẹta. Koríko kì í pẹ́ títí. Láàrin ọdún mélòó kan, ikán, eku àti òjò yóò ti bà á jẹ́ débi pé a ní láti tún un bò. Kò sí ẹni tó lè dá iṣẹ́ náà ṣe láàrin àkókò kúkúrú tó wà láàrin ìgbà tí koríko gbó àti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa dé. Ọ̀wẹ̀ ni a fi ń ṣe é. Onílé yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́. Yóò wá oúnjẹ àti nǹkan mímu. Àwọn náà yóò wá. N. A. Fadipe, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìgbé-ayé àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ṣàlàyé ọ̀wẹ̀ àti àáró gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí a ń gbà kó agbára jọ láìsan owó iṣẹ́, ó sì fi hàn pé ọkọ ọmọ ní ojúṣe láti kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ran àna rẹ̀ lọ́wọ́. Bí àkókò ìbolé bá ti ń yípo, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ìrànlọ́wọ́ ń yípo. Ẹni tó bo ilé ẹlòmíràn lọ́dún yìí mọ̀ pé a óò wá bo tòun.

Ètò yìí fi agbára rẹ̀ hàn nígbà ìṣòro. Ìlọrin ṣẹ́gun Ọ̀fà ní 1890 lẹ́yìn tí wọ́n ti dó tì í fún ìgbà pípẹ́, ogun náà sì da agbègbè náà rú. Nígbà tí àlàáfíà ń padà bọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897, ilé títúnkọ́ di dandan. Ẹni tó ti ogun dé kò ní owó, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́. Amọ̀ wà nílẹ̀, bẹẹrẹ wà lóko. Òrùlé tí kò béèrè owó ni ó bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ mu.

Ọ̀nà tí páànù gbà dé

Orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn páànù oníwàákà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1829, Henry Robinson Palmer, onímọ̀-ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà tí a lè gbà ká irin pẹlẹbẹ ní wàákà-wàákà. Wàákà yìí ni àṣírí rẹ̀: irin fẹ́lẹ́ tó lè tẹ̀ bí ewé yóò le koko nígbà tí a bá ti ká a. Ní 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé-àṣẹ lórí fífi síńkì bo irin kí ó má baà tètè dípẹtà. Nígbà tí nǹkan méjèèjì pàdé, ayé ní ohun ìbolé tó fúyẹ́, tó ṣe é dì jọ sínú ọkọ̀ ojú omi, tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ púpọ̀ sì lè kàn mọ́ igi.

Èkó ni ó kọ́kọ́ gbilẹ̀ sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ń kọ́ ilé sí etí ọ̀sà, iná sì jẹ́ ọ̀tá ńlá fún ìlú tí ilé koríko ti fún mọ́ ara wọn. Ohun tí àjà alámọ̀ ń ṣe fún ilé kọ̀ọ̀kan kò tó fún ìlú tí ẹ̀fúùfù etíkun ti ń gbé iná láti òrùlé kan sí òmíràn. Ní Èkó, páànù dáhùn ìbéèrè kan tó ń jó ni lára. Ní ìlú ọ̀dàn bí Ìjágbó, níbi tí agboolé ti ní àyè láàrin ara wọn, ìbéèrè náà kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ojú irin ló gbé e wọ inú ilẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901 àti Òṣogbo ní 1907. Láti ibẹ̀ ó gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ṣáájú èyí, páànù tó bá fẹ́ dé ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ ní láti gun orí ènìyàn, ẹni tó bá sì ti gbé páànù rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó láti da alárù rú. Lẹ́yìn 1908, ọkọ̀ tó ń kó iṣu àti àgbàdo lọ sí gúúsù lè kó irin padà. Iléeṣẹ́ ojú irin fúnra rẹ̀ fi páànù bo àwọn ilé rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ibùdókọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ rí òrùlé tí òjò ń dún lórí rẹ̀ bí ìlù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé-ìwé àti ilé àwọn olówó tẹ̀lé e.

Owó ìdálẹ̀

Ibi tí ìtàn Ìjágbó àti àyíká rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ igbó ni ibi tí owó páànù ti wá. Ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà, kòkó ni ó ra páànù. Ìwádìí tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó, tí a tẹ̀ jáde ní 1956, fi ilé kíkọ́ sí ara àwọn ohun pàtàkì tí owó kòkó ń bá lọ. Kòkó kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ ọ̀dàn. Ará Ìbọ̀lọ́ tó bá fẹ́ páànù ní láti rìn.

Ọ̀pọ̀ wọn rìn dé Gold Coast, tó di Gánà ní 1957. Jeremy Eades, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1993 lórí àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Gánà, fi Ọ̀fà sí àárín àwọn ìlú tí àwọn oníṣòwò náà ti wá, pẹ̀lú Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ṣakí àti àwọn mìíràn. Wọ́n ń ta aṣọ, ọṣẹ, àwo àti oríṣiríṣi ọjà wẹ́wẹ́ láti ọjà kan sí òmíràn. Èrè tí wọ́n jẹ kò parí sí Gánà. Ilé tí wọ́n kọ́ sílé jẹ́ ẹ̀rí pé wọn kò sọnù sí ìdálẹ̀, páànù orí rẹ̀ sì ni ẹ̀rí tí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì lè rí láìwọlé.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdílé tó ti lo ìran méjì níbẹ̀ ní láti di ẹrù. Ọjà, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, àti ilé tí àwọn kan kọ́ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òrùlé tí a ti kàn sílé ṣáájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí mọ́. Ẹni tó ní i ní ibi tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ẹni tí kò ní i di àlejò ní ìlú baba rẹ̀. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá ni eji ń pa.

Ọ̀wẹ̀ náà kò kú pátápátá ní àkókò yìí. Ó kó lọ sí ibòmíràn. Owó tí àwọn ọmọ ìlú ń dá ní ìdálẹ̀ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ni ó ń kọ́ ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn. Àpẹẹrẹ kan tó wà nítòsí ni Offa Grammar School, tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà dá sílẹ̀ ní 1943. Àwọn tí kò bo ilé ara wọn mọ́ ń pawọ́ pọ̀ bo ilé ìlú. Ṣùgbọ́n ilé àdáni ti bọ́ kúrò nínú àjọṣe yìí.

Ohun tí páànù ṣe sí ilé

Páànù kì í kàn án bo ilé. Ó ń pàṣẹ fún ilé. Koríko lè tẹ̀ lé ògiri tó wọ́, ó lè yí igun, ó lè bo agboolé tó ká àgbàlá mọ́ àárín. Páànù ń fẹ́ ìlà tó tọ́ àti igun mẹ́rin. Ó bá ètò ilé àwọn Àgùdà mu, èyí tí John Michael Vlach ti kọ̀wé lé lórí: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàrin, yàrá lọ́tùn-ún àti lósì, òrùlé kan ṣoṣo lórí gbogbo rẹ̀. Bí ètò yìí ṣe ń tàn kálẹ̀, àgbàlá tí omi òjò ń ṣàn sínú ìkòkò rẹ̀, tí àwọn ìyàwó ilé ń dáná nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń gbọ́ àlọ́ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Omi òrùlé wá ń dà sí ìta.

Àjà alámọ̀ náà pòórá. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ yéni: bí òrùlé kò bá lè jó mọ́, kí ni a ń tẹ́ àjà amọ̀ sí? Ṣùgbọ́n iná nìkan kọ́ ni àjà ń bá jà. Irin ń gbé ooru wọlé kíákíá, nígbà tí ó bá sì ti dípẹtà, ooru tó ń gbà lára oòrùn tún ń pọ̀ sí i. Yàrá tí páànù wà lórí rẹ̀ láìsí àjà yóò gbóná lọ́sàn-án bí ìdí àdògán. Ẹní fẹ́lẹ́ tàbí pákó pẹlẹbẹ ni a wá fi rọ́pò amọ̀, agbára wọn kò sì tó ti amọ̀. Ìyẹn ni pé a ra òrùlé tó sàn jù, a sì sọ ilé tó tutù jù nù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó láti ṣírò rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ìṣòro kejì. Ní Kwara, ìjì tó máa ń ṣáájú òjò, pàápàá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, máa ń ká òrùlé ilé. Òrùlé koríko wúwo, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Páànù fúyẹ́, kò sì ní ihò. Bí ìjì bá rí ẹnu kan ní etí rẹ̀, yóò gbé e lódindi pẹ̀lú igi tí a kàn án mọ́.

Ta ló ni òrùlé?

Ọ̀rọ̀ tó le jù lọ nínú ìtàn yìí jẹ́ ti ẹ̀tọ́. Ọmọ kan lọ sí ìdálẹ̀, ó rí owó, ó padà wá ṣí koríko kúrò lórí ilé baba rẹ̀, ó sì kan páànù sí i. Ṣé ilé náà ti di tirẹ̀? Ìdáhùn àṣà Yorùbá, tí àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé ẹbí ni ilé ẹbí ń jẹ́. Àtúnṣe tí ọmọ ẹbí kan fi owó ara rẹ̀ ṣe sí i kì í sọ ọ́ di ohun ìní rẹ̀ nìkan. Òfin yìí dáàbò bo àwọn tí kò rí owó rìn, ìyẹn àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé àti àwọn tó dúró ti oko.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní ni ilé náà yóò ronú kí ó tó tún páànù rẹ̀ kàn. Òun yóò kúkú lọ ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, kí ó kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a pín. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ṣe. Ilé tuntun ń tàn lọ lójú ọ̀nà Ọ̀fà, páànù àárín ìlú sì ń pọ́n. Nígbà ayé bẹẹrẹ, òrùlé tó ń jò jẹ́ ìpè: láàrin ọdún díẹ̀, ẹbí ní láti pàdé, bí wọ́n fẹ́, bí wọ́n kọ̀. Páànù lè dúró fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìpe ẹnikẹ́ni. Ní òpin ọgbọ̀n ọdún náà, àwọn tó mọ bí a ṣe ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ òrùlé ti kú, àwọn ọmọ wọn sì wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Ilé náà ń jò, kò sì sí ẹni tó mọ iye tó kan òun.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí fún ilé alámọ̀. Òrùlé ni ó ń pa ògiri amọ̀ mọ́. Bí omi bá ti ń gba ibì kan wọlé, ògiri yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, òjò bíi mélòó kan sì tó láti dá a padà sí ilẹ̀ tí a ti mọ ọ́n. Bí ilé náà bá wó, ojúbọ ìdílé, ibojì àwọn baba ńlá tí a sin sínú yàrá àti orúkọ agboolé tí a fi ń ki àwọn ọmọ yóò wà láìní ibì kan pàtó tí a lè nawọ́ sí. Ìkùnà páànù ní ilé ẹbí kì í ṣe ìkùnà irin. Àjọṣe tí kò sí mọ́ ló fa á.

Òrùlé tuntun lónìí

Ẹni tó ń kọ́ ilé ní Ìjágbó lónìí ní àṣàyàn púpọ̀. Páànù onísíńkì wà síbẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ni òrùlé asbẹ́stọ́ọ̀sì gbòde. Nigerite, tí a dá sílẹ̀ ní 1959, wà lára àwọn tó ṣe é ní Nàìjíríà. Ó tutù ju irin lọ, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo oríṣi asbẹ́stọ́ọ̀sì ló lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ewu náà pọ̀ jù nígbà tí a bá ń gé e tàbí tí a bá ń fọ́ ọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń fi òòlù já kalẹ̀ láti ilé àtijọ́. Alumíníọ̀mù gbọọrọ ti gba ipò rẹ̀. Kì í dípẹtà bí irin, ìnípọn rẹ̀ sì ni ó ń pinnu iye rẹ̀. Èyí tí a sábà ń rí lọ́jà ni 0.45, 0.55 àti 0.7 mìlímítà. Lókè wọn ni páànù olókùúta wà, irin tí a lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ lára, èyí tó pilẹ̀ ṣẹ̀ láti Niu Sílándì. Òkúta náà ń dín ariwo òjò kù.

Nínú gbogbo àṣàyàn yìí, àwọ̀ àti orúkọ ni ọjà ń fi ṣíwájú. Ìtàn ń tọ́ka sí ohun mìíràn. Kí onílé kọ́kọ́ mọ bí òrùlé ti tóbi tó kí ó tó na owó. Ilé tó jẹ́ mítà 10 ní ìbú àti mítà 12 ní gígùn, tí etí òrùlé rẹ̀ yọ síta ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá mítà ní ìhà gbogbo, gba àyè bíi mítà 148 lórí ilẹ̀ ní ìwọ̀n igun mẹ́rin. Bí òrùlé náà bá dà ní ìwọ̀n díígírì 30, ohun tí a ó fi bò ó yóò di nǹkan bíi mítà 171, láìka àwọn ibi tí páànù ti gun ara wọn. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ilẹ̀ nìkan ra ọjà yóò dúró lágbedeméjì iṣẹ́. Bí ó bá tún fẹ́ òrùlé gíga tó lọ́pọ̀lọpọ̀ igun, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ nísinsìnyí, owó yóò pọ̀ sí i, ibi tí omi lè gbà wọlé yóò sì pọ̀ sí i, nítorí kòtò tó wà láàrin òrùlé méjì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jò.

Lẹ́yìn èyí, kí ó béèrè ohun tó rọ́pò àjà. Àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láàrin òrùlé àti sílíìnì, àti ohun tó nípọn tí ó lè dá ooru dúró níbẹ̀, ṣe pàtàkì ju àwọ̀ páànù lọ. Kí ó béèrè bí a ṣe so igi òrùlé mọ́ ògiri, nítorí ìjì kò bìkítà nípa iye tí a ra páànù; ibi tí igi bá ti já ni yóò gbé e láti ibẹ̀. Kí ó rí i pé a ti fi oògùn ikán pa pákó kí a tó gbé e lé orí ilé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìyípadà láti bẹẹrẹ sí páànù kì í ṣe ìyípadà ohun èlò nìkan. Ojú irin gbé irin wá sí ẹnu ọ̀nà Ìjágbó ní 1908. Ìrìn-àjò sí Gánà wá owó tí a fi rà á. Ètò ilé àwọn Àgùdà fún un ní ìrísí. Ní ọ̀nà rẹ̀, ó mú ìbẹ̀rù iná kúrò, ó sì bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láṣìírí, pàápàá ní 1969. Àmọ́ ó tú ìdè mẹ́ta ká: ìdè tó wà láàrin òrùlé àti àjà, èyí tó wà láàrin òrùlé àti àgbàlá, àti èyí tó wà láàrin òrùlé àti ọ̀wẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń pe àwọn ará Ìjágbó padà sí koríko. Bẹẹrẹ fúnra rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, àwọn tó mọ ọ̀nà bíbò rẹ̀ sì ń dín kù lójoojúmọ́. Ohun tí ìtàn ń béèrè ni pé kí a dá àwọn ohun tí páànù kò gbé wá padà ní ìrísí tuntun. Àjà lè padà wá gẹ́gẹ́ bí sílíìnì tó nípọn. Ọ̀wẹ̀ lè padà wá gẹ́gẹ́ bí àpò owó ẹbí tí a ń dá sí lọ́dọọdún fún òrùlé ilé baba, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò, pẹ̀lú àdéhùn tó fi hàn kedere pé ẹni tó dá owó kò fi í ra ilé náà, ẹni tí kò rí dá kò sì pàdánù yàrá rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó kọ́ ilé-ìwé ti fi hàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Fún àwọn onímọ̀ ìtàn, iṣẹ́ kan wà tí kò lè dúró: kí a ya àwòrán àwọn ilé àtijọ́ tó ṣì ní àjà amọ̀, kí a sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó bá wọn bo ilé, nígbà tí òrùlé ṣì wà lórí ògiri wọn.